Ta ni àlejò lórí ilẹ̀ wa?

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ àlejò sì ni pẹ̀lú. Láti Bantẹ̀ dé Savalou, bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ààlà oko, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi ní: «Àlejò ni, kí ó máa lọ sí ilẹ̀ baba rẹ̀.» Ẹni tí wọ́n ń bá wí yóò sì dáhùn pé: «Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún níhìn-ín. Ibí ni a ti bí àwọn ọmọ mi. Níbo ni kí n lọ?»

Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa ni pé: ta ni à ń pè ní àlejò? Òfin ìjọba ní àlejò tirẹ̀, àwa ará oko náà ní àlejò tiwa, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ẹnì kan náà. Àlejò ti òfin ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àlejò ti oko ni ẹni tí baba ńlá rẹ̀ kò sí nínú àwọn tí ó tẹ abúlé dó. Ẹ wo àgbẹ̀ kan tí ó ti Natitingou wá dá oko iṣu sí Pira. Lójú òfin, ọmọ ìlú ni, kò yàtọ̀ sí ẹni tí a bí ní Pira. Lójú àwọn àgbà Pira, àlejò ni. Ẹ wá wo ẹlòmíràn tí ó ti Kambolé wá, ní ilẹ̀ Tógò. Bí ó bá sọ̀rọ̀, a gbọ́. Bí a bá sọ̀rọ̀, ó gbọ́. Lójú àwọn àgbà, ìbátan wa ni. Lójú òfin, àjèjì ni, kò sì lè ra ilẹ̀ oko kankan ní Bẹ̀nẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìlà tí ó ya Kambolé kúrò lára Bantẹ̀, tí ó sì ya àwọn Ifẹ̀ ti Tchetti kúrò lára àwọn Ifẹ̀ ti Atakpamé, kì í ṣe àwọn baba wa ni ó fà á. Ní ọjọ́ 23 oṣù Júláì ọdún 1897, àwọn aṣojú Faransé àti ti Jámánì jókòó ní ìlú Paris, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé Dàhòmì dé ibí, Tógò bẹ̀rẹ̀ láti ibí. Kò sí ará Bantẹ̀ kan níbẹ̀, kò sì sí ará Savalou. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1960, ní oṣù Épírì fún Tógò, ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì fún Dàhòmì, ìlà àwọn òyìnbó yẹn náà ni ó di ààlà orílẹ̀-èdè méjì. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá méjì ti lè gbé ìwé ìdánimọ̀ oríṣìí méjì sápò.

Àwa fúnra wa ńkọ́? Àwọn àgbà Ìṣà ní Bantẹ̀ sọ pé láti ìlà-oòrùn ni àwọn baba wọn ti wá, láti ilẹ̀ Yorùbá. Ìtàn ilé ọba Gbaguidi ní Savalou sọ pé láti apá ìsàlẹ̀, níhà odò, ni baba ńlá wọn ti gòkè wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì bá àwọn mìíràn lórí ilẹ̀ náà, àwọn tí ń sọ èdè wa yìí. Nítorí náà, kò sí ẹni tí kò ti ibì kan wá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó ń pe ẹni tí ó tẹ̀lé e ní àlejò.

Nígbà tí Faransé ń ṣèjọba, wọ́n mú àṣà tiwọn wá nípa ilẹ̀. Ní ọdún 1904 wọ́n ṣe òfin pé ilẹ̀ tí kò ní olúwa, ti ìjọba ni. Ṣùgbọ́n lójú òyìnbó, ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó sinmi fún ọdún mẹ́wàá, ilẹ̀ tí kò ní olúwa ni! Ní ọdún 1906 wọ́n tún ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ forúkọ ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ó gba ìwé. Ta ni ó mọ̀ ọ́n kà nígbà náà? Àwọn oníṣòwò àti àwọn akọ̀wé etí òkun ni. Ó di ọdún 1955 kí Faransé tó gbà nínú òfin pé ẹ̀tọ́ tí àwọn ará oko ní lórí ilẹ̀ nípa àṣà wọn jẹ́ ẹ̀tọ́ lóòótọ́. Òfin Dàhòmì ti ọjọ́ 14 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1965 sì tún padà sórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ilẹ̀ oko wa kò ní ìwé, a ń lò ó bí a ti ń lò ó tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó máa sọ ti àlejò tí ó wà lọ́dọ̀ wa, ó yẹ kí a rántí ìgbà tí àwa jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ yìí ni ó ní ẹnì kan tí ó lọ sí Gánà tàbí Abidjan tàbí Èkó, tí ó sì padà wálé lọ́jọ́ kan láìrò tẹ́lẹ̀, òun àti ẹrù tí orí rẹ̀ lè rù.

Ti àkọ́kọ́ ni ti Abidjan, ní oṣù Òkítóbà ọdún 1958. Àwọn ọmọ Dàhòmì àti ti Tógò pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà nínú iṣẹ́ akọ̀wé, nítorí pé ilé ìwé ti pọ̀ ní Dàhòmì ṣáájú. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ríṣẹ́ ṣe ní ìlú baba wọn nítorí àwọn àlejò. Wọ́n kọlu ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó bá ọkọ̀ ojú omi padà sí Kútọnu.

Kò ju ọdún márùn-ún lọ, ó kan orílẹ̀-èdè Niger. Ní òpin ọdún 1963, ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Dàhòmì máa lọ. Ìjà erékùṣù kékeré kan nínú odò Ọya, tí wọ́n ń pè ní Lété, ló dá a sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: ó di ọjọ́ 12 oṣù Júláì ọdún 2005 kí ilé ẹjọ́ àgbáyé tó parí ẹjọ́ erékùṣù náà! Wọ́n fún Niger ní erékùṣù 16, Lété wà lára wọn; wọ́n fún Bẹ̀nẹ̀ ní 9. Àwọn tí wọ́n lé nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti kú.

Èyí tí a mọ̀ jù lọ ni ti Gánà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní ọdún 1960, nínú ènìyàn 100, bí 12 ni kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Àwọn kan ń ṣòwò lọ́jà: ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Èjìgbò, ará Ìlọrin, àwọn tiwa náà kò gbẹ́yìn. Àwọn mìíràn wà nínú oko kòkó, tí wọ́n ń ro ó, tí wọ́n ń ká a. Lẹ́yìn náà owó kòkó wálẹ̀, gbèsè ìjọba pọ̀, iṣẹ́ wọ́n. Ní ọjọ́ 18 oṣù Nọ̀fẹ́ńbà ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí ní Gánà, wọn kò tíì rí ibi tí wọ́n ń pè ní ilé wọn rí. Àwọn tí ó kúrò lé ní 100,000 dáadáa. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òfin mìíràn ní ọmọ Gánà nìkan ni kí ó máa ṣe òwò kéékèèké. Nínú oko kòkó, kò pẹ́ tí àwọn olóko fi bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò bá wọn ká kòkó, wọn kò rí.

Ní ọdún 1978, ó kan Gabon. Àwọn jagunjagun alówó ti kọlu Kútọnu ní ọjọ́ 16 oṣù Jánúárì ọdún 1977, ìjọba Kérékou sì ní Gabon mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn olórí méjèèjì fa ọ̀rọ̀ náà níwájú gbogbo ènìyàn ní ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Khartoum. Ẹni tí ó san gbèsè rẹ̀ ni àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní Gabon, bí 10,000 ènìyàn, tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó padà wálé.

Lẹ́yìn náà ni ti Nàìjíríà. Ní oṣù Méè ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Epo rọ̀bì ń mú owó wá, gbogbo ènìyàn ń sáré lọ sí Èkó. Nígbà tí owó epo já, ìjọba Shagari kéde ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì ọdún 1983 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ kí oṣù náà tó parí. Wọ́n ní 90 ọjọ́ ni àdéhùn wí, àwọn ènìyàn sì ti lo ọdún mẹ́ta. Ọdún ìdìbò ni ọdún náà pẹ̀lú, ẹ má ṣe gbàgbé. Àwọn ọmọ Gánà tí ó jáde lé ní mílíọ̀nù kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ. Ilẹ̀ wa ni wọ́n gbà kọjá. Gánà ti ti ibodè rẹ̀ láti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1982, Tógò sì tì tirẹ̀ nítorí kí wọ́n má bàa há sọ́dọ̀ òun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn náà ṣe há mọ́ Kútọnu àti ọ̀nà etí òkun, títí Gánà fi ṣí ọ̀nà. Báàgì onílà pupa àti búlúù tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sọ́jà, ìgbà náà ni ó gba orúkọ tí àwọn ará Èkó fi ń pè é, Ghana Must Go. Ní oṣù Méè ọdún 1985, ìjọba Buhari tún lé àwọn mìíràn.

Kí ni gbogbo èyí ní í ṣe pẹ̀lú ilẹ̀? Ó ní í ṣe púpọ̀. Ní gbogbo ibi tí a dárúkọ yìí, àwọn onílé kì í sọ̀rọ̀ àlejò nígbà tí nǹkan bá dára. Nígbà tí kòkó ń mówó wá, àlejò dára, ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí owó bá já ni wọ́n ń kà wọ́n. A kò sọ pé àwọn onílé kò ní ẹjọ́ tiwọn. Ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé ìwé tí kò ríṣẹ́, tí ó ń wo àlejò nídìí iṣẹ́ náà, ìnira rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ ọ̀sẹ̀ méjì kò sọ akọ̀wé di púpọ̀, kò sì ká kòkó.

Lórí ilẹ̀ oko gan-an, ìjà tí ó gùn jù ni ti Côte d'Ivoire. Houphouët-Boigny, olórí wọn, ti sọ láyé ọjọ́ náà pé ẹni tí ó bá ń ro ilẹ̀ ni ó ni ín. Àwọn ará Burkina Faso, ará Mali, àti àwọn mìíràn lọ sínú igbó, wọ́n gbin kòkó àti kọfí. Onílé ibẹ̀ á fún wọn ní igbó, wọ́n á mú ọtí àti ẹ̀bùn wá lọ́dọọdún. Kò sí ìwé. Ọ̀kan rò pé òun yá a, èkejì rò pé òun rà á. Bí àwọn méjèèjì ti kú, ìjà di ti àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1998, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin pé ìjọba àti ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ni ó lè ní ilẹ̀ oko. Àjèjì lè yá a lò, kò lè ni ín. Kí ọdún kan tó pé, ní oṣù Nọ̀fẹ́ńbà ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Tabou, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Burkina sì sá kúrò nínú oko tí wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn gbìn. Ní ọdún 2004 wọ́n tún òfin náà ṣe díẹ̀, láti dá ààbò bo àjèjì tí ó ti gba ìwé onílẹ̀ kí òfin ọdún 1998 tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé tẹ́lẹ̀, kí ni òfin fẹ́ dá ààbò bò?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà wálé.

Ní Bantẹ̀, wọ́n ka ènìyàn tí ó lé ní 82,000 ní ọdún 2002. Nígbà tí ó di ọdún 2013, wọ́n ti lé ní 107,000. Kì í ṣe ìbí nìkan ni ó fà á. Láti òkè, láti Atacora àti Donga, ni àwọn àgbẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá, Ditamari, Yom, Lokpa, nítorí ilẹ̀ wọn kún fún òkúta, ó sì ti gbó. Láti ìsàlẹ̀, láti ẹ̀bá Àgbómẹ̀, ni àwọn Fọ̀n ń gòkè bọ̀, nítorí ilẹ̀ kò tó wọn mọ́. Àwa tí a wà láàrin ni a ní igbó.

Ẹ mọ bí wọ́n ti ń gba ilẹ̀. Àlejò á wá bá baálé kan, á mú obì àti sódàbì dání, á ní òun ń wá ibi tí òun yóò máa jẹ. Wọ́n á mú un lọ síbi tí igbó wà, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ tẹ ààlà fún un. Bí ó bá kórè, á mú iṣu wá kí onílẹ̀. Èyí ni ìṣákọ́lẹ̀. Àtijọ́, iye rẹ̀ kì í pọ̀. Ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe owó. Ní ibi púpọ̀ ó ti di owó báyìí, ó sì ń gòkè.

Òfin kan wà tí gbogbo onílẹ̀ mọ̀, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ìjọba: àlejò kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Ó lè gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gẹ́, òwú. Kajú kọ́, tíìkì kọ́, ọ̀pẹ kọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣu á wú lọ́dún, ilẹ̀ á sì ṣófo. Igi kajú á dúró ju ẹni tí ó gbìn ín lọ. Ẹni tí ó ní igi, ó kù díẹ̀ kí ó sọ pé òun ni òun ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí kajú ti di owó ní agbègbè wa, ọ̀rọ̀ igi yìí ti le sí i. Onílẹ̀ á lọ gbin kajú sínú oko iṣu tí àlejò ṣì ń ro. Àlejò á bá a ro ó láìmọ̀. Nígbà tí kajú bá bo ilẹ̀, àlejò á di ẹrù rẹ̀. Àwọn àgbà kan ń pe èyí ní ọgbọ́n. A kò mọ orúkọ tí àlejò ń pè é.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní ẹjọ́ tiwọn pẹ̀lú. Wọ́n ní: «Àwọn baba wa fi ilẹ̀ tọrẹ nítorí sódàbì. Nígbà náà ilẹ̀ pọ̀. Lónìí a padà láti Èkó, a kò rí ibi tí a ó ro.» Wọ́n á fi òwe kún un: onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Àwọn àlejò náà ń sọ pé: «A ń san owó orí ọjà, a ń dìbò yan ìgbìmọ̀ kọmúùnù láti ìgbà tí ìdìbò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 2002. Iṣu tí ẹ ń jẹ ní ọdún iṣu Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ta ni ó gbin púpọ̀ nínú rẹ̀?» Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Àwọn tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé yìí ni àwọn obìnrin, tí wọ́n jẹ́ àlejò nílé ọkọ, tí wọ́n sì tún fẹ́ sọ wọ́n di àlejò nílé baba wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ẹbí ti ọdún 2004 sọ pé ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin.

Igbó ìjọba tún wà, bí igbó Agoua tí ìjọba Faransé ti sàmì sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ro. Nígbà tí ilẹ̀ mìíràn há, àlejò wọ inú rẹ̀, onílé náà wọ̀ ọ́. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó bá dé, wọn kì í béèrè ibi tí baba rẹ ti wá. Níbẹ̀, gbogbo wa di àlejò.

Kí ni òfin Bẹ̀nẹ̀ wá sọ báyìí? Òfin ọjọ́ 16 oṣù Òkítóbà ọdún 2007 ni ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà pé kí wọ́n wọn ilẹ̀ abúlé, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin ńlá ti ọjọ́ 14 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 2013, tí wọ́n tún apá kan rẹ̀ ṣe ní ọdún 2017. Òfin yìí ni ó sọ pé àjèjì kò lè ra ilẹ̀ oko. Ó lè yá a lò fún ọdún gígùn, pẹ̀lú ìwé. Nígbà tí ọdún bá pé, ilẹ̀ á padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Nínú ìlú, ó lè ra ilẹ̀ ilé, bí orílẹ̀-èdè tirẹ̀ bá wà nínú àdéhùn pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ará oko gbọ́ èyí, wọ́n ní: «Ó dára, a ti bọ́ lọ́wọ́ àlejò.» Ẹ ṣe sùúrù. Ará Natitingou tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ní Pira, òfin yìí kò bá a wí rárá. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni. Bí baálé bá tà fún un, ó rà á. Ẹni tí òfin ń bá wí ni ìbátan wa láti Kambolé àti láti Atakpamé.

Ẹlòmíràn sì wà tí òfin àjèjì kò kàn. Ọlọ́lá ni, Kútọnu ni ó ń gbé, ìwé ìdánimọ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lápò rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ wá, ó bá baálé kan sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ra ìgbẹ́ tí ìdílé mẹ́wàá ń ro. Kò ro ó. Ó ń dúró kí owó ilẹ̀ gòkè. Láti ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000 ni irú èyí ti pọ̀, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí ń jẹ́ Synergie Paysanne, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2002, sì pariwo rẹ̀ dé ilé aṣòfin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé òfin ọdún 2013 fi ìdíwọ̀n sí i: ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko tí ó ju hẹ́kítà 2 lọ gbọ́dọ̀ fi hàn ohun tí ó fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe, kí àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí i, ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ kó ju hẹ́kítà 1,000 lọ. Ní tèmi, ìlà yìí ni ó yẹ kí a máa kà nínú ìpàdé abúlé ju ti àjèjì lọ. Àgbẹ̀ Tógò tí ó fẹ́ ilẹ̀ tí yóò fi gbin iṣu, bí ó bá gba hẹ́kítà 3, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n a ń pariwo «àlejò, àlejò» ní ẹnu ọ̀nà iwájú, nígbà tí ilẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn darandaran kò yàtọ̀. Ní òpin ọdún 2019, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní kí màlúù láti ilẹ̀ òkèèrè má wọlé mọ́, nítorí ìjà àti ikú láàrin àgbẹ̀ àti Fúlàní. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti ọdún 1998 sì ti gbà kí wọ́n máa kọjá pẹ̀lú ìwé. Àmọ́ nínú oko, ta ni ó ń ya Fúlàní òkèèrè sọ́tọ̀ kúrò lára Fúlàní tí a bí sí Savalou, tí ìyá rẹ̀ ń ta wàrà fún wa láti ìgbà tí a ti gbọ́njú? Ọ̀pọ̀ kò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ ìwé. Láìsí ìwé, ẹ̀rí ẹnu nìkan ni ó kù, ẹnu sì ń kú. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, òfin ní kí ìgbìmọ̀ kan wà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní kọmúùnù, wọ́n lè fún ìdílé ní ìwé ẹ̀rí pé ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn nípa àṣà. Ẹni tí ó ń yá ilẹ̀ fún àlejò náà lè kọ àdéhùn, ìwé ojú kan sì tó: orúkọ àwọn méjèèjì, ibi tí ilẹ̀ náà wà àti ẹni tí ó bá a pààlà, iye ọdún, iye ìṣákọ́lẹ̀, ìbáà ṣe iṣu, ìbáà ṣe owó, bóyá a lè gbin igi tàbí a kò lè gbìn ín, àti ẹni tí igi jẹ́ tirẹ̀ bí àdéhùn bá parí, ẹlẹ́rìí láti ìhà méjèèjì, ọjọ́ àti ọdún. Ìwé ti ìjọba, Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ìka sí i kí ẹnì kan tó kà á sókè ní èdè tí ó gbọ́, níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Fún àwọn ẹgbẹ́ olùgbọ́ tí yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè mẹ́ta nìyí. Nínú abúlé yín, àwọn wo ni ẹ ń pè ní àlejò, mélòó nínú wọn ni òfin ń pè ní àjèjì? Ẹni tí ó rà tàbí tí ó gba ilẹ̀ tí ó tóbi jù lọ lọ́dọ̀ yín láti ọdún mẹ́wàá wá, ibo ni ó ti wá, kí ni ó sì ń fi ilẹ̀ náà ṣe? Bí ìbátan yín kan láti Kambolé tàbí Atakpamé bá wá tọrọ ilẹ̀ lọ́la, kí ni ẹ ó kọ sínú ìwé rẹ̀?